Ìpara táyà tó ń pẹ́ tí kì í jẹ rọ́bà: bí a ṣe ń yàn án àti bí a ṣe ń lò ó

Ẹni tó fẹ́ ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á béèrè nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra bátìrì á béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá kan táyà pólíìṣì, kó ṣáà ti dán, ọ̀rọ̀ ti parí. Dídán yẹn kò sọ bóyá ìpara náà máa lo ọ̀sẹ̀ méjì lára táyà tàbí ó máa bá òjò àkọ́kọ́ lọ, kò sì sọ bóyá ó ń jẹ rọ́bà lábẹ́lẹ̀. Ohun méjì ló ń pinnu ìyẹn: ohun tí wọ́n fi po ìpara náà, àti bí táyà ṣe mọ́ tó kí ìpara tó kàn án. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ òun ló wúwo jù.

Ohun tó wà lára táyà tẹ́lẹ̀

Táyà kì í ṣe rọ́bà lásán. Rọ́bà tí wọ́n kọ lára igi wà nínú rẹ̀, rọ́bà àtọwọ́dá náà wà níbẹ̀, wọ́n sì po lẹ́búlẹ́bú dúdú kan tó ń jẹ́ carbon black mọ́ wọn. Carbon black yìí ló ń sọ táyà di dúdú, ó ń fún un lágbára, òun náà ló sì ń gba ìtànṣán oòrùn sára kó má bàa ba rọ́bà jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń ṣe táyà máa ń fi ìda sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, pẹ̀lú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD. Ìda àti 6PPD máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti inú rọ́bà wá sí ojú rẹ̀, pàápàá nígbà tí táyà bá ń yí tó sì ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ozone, gáàsì inú afẹ́fẹ́ tó máa ń la ẹ̀gbẹ́ táyà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi tí rọ́bà bá ti ń nà.

Tí 6PPD bá dé ojú táyà tó sì bá atẹ́gùn pàdé, àwọ̀ rẹ̀ á di búráùn. Nítorí náà, búráùn tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kì í ṣe eruku ojú títì nìkan, apá kan nínú rẹ̀ ni oògùn táyà fúnra rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé táyà náà ti gbó.

Ọ̀tá rọ́bà yìí ni epo rọ̀bì àti gbogbo ohun tí wọ́n yọ lára rẹ̀: pẹtiróòlù, kẹrosíìnì, dísù, tínà, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà táyà máa ń fa epo wọ̀nyí mu, á wú, á rọ̀, epo náà á sì tú ìda tó wà lójú rẹ̀ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ ni ẹ máa rí ìpalára náà, nítorí rọ́bà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu epo máa ń dúdú dáadáa. Bí wọ́n bá ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí á sì máa là ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Olómi àti elépo

Orúkọ tó wà lọ́jà pọ̀, ìdílé méjì péré ló wà lábẹ́ gbogbo wọn. Èkíní ni ìpara olómi. Ó máa ń funfun, kì í ṣeé wò já. Sílíkónì, ohun àtọwọ́dá tó ń yọ̀ tí omi kì í wọ̀, ni wọ́n fọ́ sínú omi tí wọ́n sì fi ohun bí ọṣẹ so méjèèjì pọ̀. Àwọn mìíràn tún ní acrylic, tó máa ń gbẹ di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú rọ́bà. Nígbà tí omi bá gbẹ tán, sílíkónì nìkan ló kù. Kì í dán kọ yànràn. Ó máa ń mú táyà dúdú bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé iṣẹ́ dé. Lára táyà tó mọ́, ẹ retí ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ó dá lórí òjò àti bí ẹ ṣe ń fọ ọkọ̀ sí.

Èkejì ni elépo. Ó máa ń mọ́ gaara, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì sún mọ́ ti kẹrosíìnì tàbí tínà. Sílíkónì wà nínú tirẹ̀ náà, àmọ́ epo ni wọ́n fi là á dípò omi. Ó ń dán ju olómi lọ, omi òjò kì í tètè ṣí i, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọn kì í rò ni pé apá kan nínú epo yẹn á ti wọnú rọ́bà kí èyí tó kù tó fẹ́ lọ. Ojú táyà kì í sì í gbẹ dáadáa, ó máa ń lẹ̀, eruku á sì bá a níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé sílíkónì ló ń ba táyà jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Polydimethylsiloxane, tí í ṣe sílíkónì inú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpara wọ̀nyí, kì í bá rọ́bà táyà jà. Epo tí wọ́n fi là á ni kí ẹ bá wí. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé kò ní sílíkónì, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ìpara rere. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ti inú agolo tí wọ́n ń fín, ẹ jẹ́ ká gbà á lẹ́nu ara wa: ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń tì í jáde máa ń gbiná, ìpara inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ elépo, kò sì sí bí ẹ ṣe fín in tí díẹ̀ kò ní fò lọ sórí ríìmù, sórí kíkùn ọkọ̀, tàbí kó gba àárín ríìmù kọjá sórí díìsì bíréèkì. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fín in sára fóòmù, kì í ṣe sára táyà.

Èyí tó ki wà nínú ìdílé méjèèjì, ẹ ní láti ka ara ìgò. Irú kan tún wà tó máa ń lo oṣù mélòó kan, tó ń gbẹ gan-an mọ́ ojú rọ́bà, tí wọ́n máa ń kọ coating sára rẹ̀. Owó rẹ̀ le. Ó fẹ́ kí táyà mọ́ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè fọ̀ ọ́ lọ, kò sì fẹ́ omi fún wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn tí wọ́n bá fi pa á tán. Tí ìdọ̀tí bá wà lábẹ́ rẹ̀, á máa bó ní pàlàpàlà, yíyọ èyí tó kù á sì wá di iṣẹ́. A kò ní sọ pé kí ẹni tó ní táyà ọlọ́dún mẹ́rin náwó lé e. Táyà tuntun ló yẹ.

Ohun tí wọ́n ń pò fúnra wọn

Ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Epo rọ̀bì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ti kó èéfín àti irin ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Ó ń wú rọ́bà, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, kò sì dára kó máa kan awọ ara ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, torí àwọn kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ wà nínú ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́. Dísù àti kẹrosíìnì tẹ̀ lé e. Wọn kì í pẹ́ lára táyà rárá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣe ìpalára tiwọn. Fasilíìnì náà, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́, ó kàn rọra ń ṣe tirẹ̀ ni.

Bíréèkì fúlúìdì yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kìlọ̀ pé ó ń jẹ táyà, àmọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DOT 3 àti DOT 4 tí a ń lò kì í wú irú rọ́bà tó wà lára táyà; bẹ́ẹ̀ ni kì í wú rọ́bà inú bíréèkì, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì kò ní ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń ṣe jàǹbá ni kíkùn ọkọ̀. Bí ẹ̀kán rẹ̀ bá ta sí fẹ́ńdà tí ẹ kò tètè fi omi ṣan án, kíkùn náà á wú, á sì bó. Ó tún máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, torí náà kì í gbẹ, eruku á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Kò sí ìdí kankan láti lò ó.

Glísárìnnì nìkan la lè fọwọ́ sí nínú àwọn tí èèyàn lè pò nílé. Ẹ rí i rà ní ilé oògùn tàbí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, irú àwọn tó wà ní Ọjọ́ta ní Èkó. Ẹ po ìwọ̀n kan glísárìnnì mọ́ ìwọ̀n mẹ́ta omi, ẹ fi fóòmù pa á. Kì í ṣe rọ́bà ní nǹkan kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé inú omi ló ń yòrò sí, òjò kan péré ti tó o. Ó dára fún ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ sí ìgbéyàwó.

Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó wà nínú ìgò

Ẹ yí ìgò padà kí ẹ tó wo iwájú rẹ̀. Tí ẹ bá rí «water-based», ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olómi, ẹ máa bá kíkà lọ. Tí ẹ bá rí «petroleum distillates», «naphtha», «mineral spirits», «Stoddard solvent» tàbí «aliphatic hydrocarbons», elépo ni.

Fún ọjà tí ilé iṣẹ́ gidi ṣe, ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní SDS (Safety Data Sheet), tó ń sọ èròjà ọjà àti ewu rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ọjà náà pẹ̀lú lẹ́tà mẹ́ta yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìsọ̀rí 3 nínú ìwé náà ni wọ́n ti ń to èròjà pẹ̀lú nọ́ńbà CAS, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan mọ̀. 63148-62-9 ni sílíkónì, kò burú. Tí ẹ bá rí 64742-47-8, 64742-48-9 tàbí 8052-41-3, ohun tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì ni, ẹ wo ìdá tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìpara olómi, a kò ní torí rẹ̀ sọ ọ́ nù. Bó bá ju ogún lọ, ẹ gbé e padà sórí pẹpẹ. Ìsọ̀rí 2 ni àwọn ìkìlọ̀ wà: H226 ń sọ pé ó ń gbiná, H304 ń sọ pé ó lè pa ẹni tó bá gbé e mì tó sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, EUH066 ń sọ pé ó máa ń gbẹ awọ ara tàbí kó là á. Ìpara olómi gidi kì í sábà ní ìkankan nínú wọn.

Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà nínú gò-sílòó, inú ìgò omi ló wà, kò ní ìwé, kò ní orúkọ. Ìdánwò méjì tó ṣeé ṣe nílé ló wà fún irú ìyẹn.

Ẹ bu omi mímọ́ sínú ife gíláàsì, ẹ da ṣíbí ìmutíì kan ìpara náà sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Olómi á pò mọ́ omi, gbogbo rẹ̀ á funfun. Elépo á léfòó sókè, á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ìdánwò kejì ló sọ ohun tí táyà máa fojú rí. Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń di owó, kí wọ́n dọ́gba. Ẹ tẹ́ wọn sórí ìwé, ẹ fi bírò ya ìlà yí wọn ká. Ẹ ju ọ̀kan sínú ìgò gíláàsì kékeré tí ìpara náà wà, ẹ dé e. Ẹ ju èkejì sínú omi. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi ọṣẹ ṣan méjèèjì, ẹ nù wọ́n gbẹ, ẹ dá wọn padà sórí ìlà tí ẹ yà. Rọ́bà tó ti inú epo jáde á ti wú kọjá ìlà rẹ̀, á rọ̀, bí ẹ bá sì fà á, á tètè já. Táyà le ju rọ́bà yìí lọ dáadáa, àmọ́ rọ́bà igi kan náà wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣe èyí nítòsí iná tàbí ibi tí ọmọdé ti lè dé.

Fífọ táyà ni ìdajì iṣẹ́ náà

Fífi ìpara lé táyà tí ìpara àná ṣì wà lára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí fífi àtíkè lé ara tí kò wẹ̀. Ìpara tuntun kò rí rọ́bà dì mú; ara ìpara àtijọ́, eruku bíréèkì àti búráùn ló ń lẹ̀ mọ́. Táyà tuntun náà kò yọ sílẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi ń mú kó tètè jáde nínú ẹ̀rọ ìṣe-táyà ṣì máa ń wà lójú rẹ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ìbòji, kí táyà tutù. Ẹ fọ ríìmù ṣáájú. Ohun tí ẹ nílò ni búrọ́ṣì onírun náílọ́ọ̀nù tó le díẹ̀ (ẹ má lo ti wáyà, ó ń ha rọ́bà), garawa méjì, àti ọṣẹ. Ọṣẹ ẹlẹ́búlẹ́bú tí gbogbo èèyàn ń pè ní Omo á ṣe é: ṣíbí ìjẹun kan nínú lítà méjì omi. Bí ẹ bá ní ọṣẹ ìfọkọ̀ tó lágbára, ẹ la ìwọ̀n kan rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n márùn-ún omi.

Ẹ mú táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rẹ ẹ́, ẹ fi ọṣẹ sí i, ẹ fi búrọ́ṣì gbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo fún bí ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìfófòó rẹ̀ á di búráùn. Ẹ ṣan án kí ọṣẹ tó gbẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìfófòó bá funfun tó sì dúró ní funfun ni táyà tó mọ́. Táyà tí wọ́n ti ń fi ìpara elépo kùn fún oṣù púpọ̀ lè gbà tó ìgbà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì á máa tó. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí tínà gbà á láti dín làálàá kù.

Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ, ẹ tún fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, torí omi máa ń sá pa mọ́ sínú lẹ́tà àti ihò ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Tó bá jẹ́ eérú díẹ̀ ló hàn lára aṣọ, carbon black ni, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ búráùn tàbí ọ̀rá dúdú, ẹ padà sídìí búrọ́ṣì.

Fífi ìpara pa á

Ẹ mi ìgò náà dáadáa. Ẹ gé fóòmù tó kún àtẹ́lẹwọ́, ẹ da ìpara sí fóòmù, kì í ṣe sí táyà. Ṣíbí ìmutíì kan sí méjì, ìyẹn mìlílítà 5 sí 10, ti tó táyà ọkọ̀ kékeré kan. Ẹni tó bá da ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ kò rí ìlọ́po mẹ́ta ọjọ́ gbà. Ọkọ̀ rẹ̀ ni ìyókù máa ta sí lára.

Ẹ fi í gbo ẹ̀gbẹ́ táyà yípo, ẹ tì í wọ inú lẹ́tà, ẹ dúró kí ẹ tó dé èjìká táyà, níbi tí ihò ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ lè rí apá tó wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó ṣẹ́kù lójú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí kúrú, òun ló sì ń yọ èèyàn nínú wàhálà jù. Tí ẹ bá fẹ́ kó dúdú sí i, ẹ fi ìpara fẹ́lẹ́ kejì lé e lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó má jẹ́ pé ẹ da púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ó tó rìn. Tó bá sùn mọ́jú bẹ́ẹ̀, ó tún dára sí i.

Ojú tí táyà fi ń tẹ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ìpara rárá. Sílíkónì ń yọ̀, bíréèkì kò sì ní mú bó ṣe yẹ, pàápàá lórí títì tó tutù. Táyà ọ̀kadà àti ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹ má fi ìpara kankan sí i: tí alùpùpù bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, ìtòsí ibi tí ẹ fi ìpara pa yẹn ló máa fi dúró. Bákan náà ni pẹ́dàlì àti ọwọ́ ìtukọ̀, bó ti wù kí rọ́bà wọn gbẹ tó. Bí ìpara bá kan ojú táyà, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ṣì gbo ó kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀. Bó bá kan díìsì bíréèkì, ẹ ra kẹ́míkà ìfọ-bíréèkì, ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bó bá ti rin páàdì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pípààrọ̀ ni.

Tí kò bá rí bó ṣe yẹ

Àmì dúdú wínníwínní lára ilẹ̀kùn, lẹ́yìn táyà, ìpara tó pọ̀ jù tàbí tí kò tíì gbẹ ló ń ta síbẹ̀ nígbà tí táyà bá ń yí. Ẹ fi omi ọṣẹ àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́jọ́ náà; tó bá pẹ́, oòrùn á mú un lẹ̀. Tí búráùn bá padà láàárín ọjọ́ méjì, ẹ lọ yẹ bí ẹ ṣe fọ̀ ọ́ wò ṣáájú kí ẹ tó bú ìpara. Ibi tó dúdú tí ibòmíràn kò dúdú, omi ló wà nínú lẹ́tà tàbí ìpara àtijọ́ tí kò kúrò. Ìlà funfun lẹ́yìn tó gbẹ, ọṣẹ tí wọn kò ṣàn tán ni, tàbí ìgò tí wọn kò mì.

Ìgbà ọyẹ́ nílò ìpara tó gbẹ pátápátá tí ọwọ́ bá kàn án. Èyí tó ń lẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ eruku á ti sọ ọ́ di pupa tàbí eérú, táyà náà á wá burú ju èyí tí wọn kò fi nǹkan kan pa lọ. Nígbà òjò, ẹ má retí ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ lọ́wọ́ ìpara olómi, pàápàá lójú ọ̀nà tó ní ẹrẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èyí tí ẹ rà ń pẹ́ lóòótọ́, ẹ fi í pa ìdajì táyà kan, ẹ fi èyí tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ pa ìdajì yòókù, kí ẹ da omi sí méjèèjì lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá. Níbi tí omi bá ti ń dì ní hóró hóró, ìpara ṣì wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ tí kì í jáde nílé ló nílò ìtọ́jú yìí jù, bó tilẹ̀ jọ pé ti èyí tó ń rìn ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Táyà tí kì í yí, ìda inú rẹ̀ kì í rìn wá sójú dáadáa, oòrùn sì ń pa ibì kan náà lójoojúmọ́. Ìbòji ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa wà á díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìpara olómi á wá tẹ̀ lé e.

Táyà tòkunbọ̀ tó ń dán

Ẹni tó ń ta táyà tòkunbọ̀, ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí níbi yòówù, mọ̀ pé dúdú ń tajà. Ìpara á kún inú ìlà tó là, á sì bo àwọ̀ eérú rọ́bà tó ti gbó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní omi ọṣẹ àti aṣọ, ẹ fọ apá kan ẹ̀gbẹ́ táyà náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tàbí ibi tó wú, ẹ fi í sílẹ̀, kò sí ìpara tó ń wo ìyẹn sàn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe táyà náà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà náà sábà máa ń wà, torí náà ẹ yí i wò. Jíjìn ihò ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 1.6.

Ẹ tọ́jú ìgò ìpara sí ibi tó tutù, tó jìnnà sí ọmọdé, kì í ṣe inú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ ya aṣọ àti fóòmù tí ẹ fi pa táyà sọ́tọ̀ gedegbe, torí sílíkónì tó bá kan gíláàsì iwájú máa ń yí ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ padà lálẹ́, wáípà kì í sì í tètè ká a kúrò. Bí ọkọ̀ bá sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun ọkọ̀, ẹ ṣíwọ́ ìpara ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ẹ fi ọṣẹ fọ táyà àti abẹ́ fẹ́ńdà dáadáa, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti ń lo sílíkónì. Níbi tí ẹ̀kán rẹ̀ bá wà, kíkùn tuntun kì í dì mú, á kàn máa dá ihò kéékèèké sílẹ̀ ni.